Ọjọ́ Tí Irin Ké Níwájú Àlejò

Àbúrò mi Eulalia,

Ìyàwó Fermín ti bí obìnrin, Otilia sì ti lọ́kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Milwaukee. Kíláàsì ìwé kíkọ àwọn àgbà tí mò ń lọ ti jẹ́ kí n lè fọwọ́ ara mi kọ èyí tó kù, nítorí ó dùn ju kí n ní kí ẹlòmíràn bá mi kọ ọ́.

O mọ̀ pé bí irin ṣe ń jẹ irin ni Yesenia ọmọ-ọmọ mi ń wádìí níbi iṣẹ́. Gíríìsì tuntun tó ṣe, ọ̀rá tí wọ́n fi ń pa irin kó má baà ha ara rẹ̀, ni Hadley ọ̀gá rẹ̀ gbà, tó sọ di tirẹ̀. Nígbà tí àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo gíríìsì náà, Hadley sọ fún Yesenia pé, "Ọlọ́gbọ́n ayé, ìwọ gbé kọfí wá ní tìẹ, kí o sì panu mọ́ níwájú wọn."

Yesenia panu mọ́. Ó ń wo bí Hadley ṣe ń ki gíríìsì tuntun lé ti àtijọ́ nínú bẹ́árìn, irin róbótó tí ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yí, láìkọ́kọ́ fọ ti àtijọ́ kúrò. Àwọn méjèèjì kì í bára wọn gbé: wọ́n yọ́ bí omi ọbẹ̀, wọ́n ṣàn jáde, irin sì ń ha irin. Ó ké, ó rú èéfín.

Hadley pariwo: "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ọ̀gá, ẹ ní kí n panu mọ́. Ṣé kọfí yín gbóná tó?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn mí! Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Hadley ti lé Yesenia lẹ́nu iṣẹ́, ó ń sinmi nílé báyìí. Ó ti kun ilé ìdáná mi, ó tún fẹ́ kun yàrá. Ara rẹ̀ le. Bá mi kí gbogbo ilé. Má retí ọgọ́rùn-ún dọ́là bíi ti àtẹ̀yìnwá lóṣù yìí. Ogún ni mo fi ránṣẹ́.