Ọ̀ọ́dúnrún Máàkì Lórí Bàtà Bàbá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ búrẹ́dì tí ẹ ń kọ́ lọ́hùn-ún kì í jẹ́ kí ẹ sùn tó, àmọ́ mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, kí iná ààrò má sì jó yín lọ́wọ́. Ara Màmá le. Èmi náà wà, àfi pé inú tó ń bí mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí tó láti fi yan búrẹ́dì gbogbo ìlú.

Ẹ rántí eré tí à ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Kálukú wa á fi orí ara rẹ̀ dá jagunjagun kan sílẹ̀ lórí ìwé, onígbàjámọ̀ á máa sọ ohun tó pàdé wa lọ́nà, àwa á sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, a ó wá ju dáìsì kí a mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i. Lẹ́yìn eré, á pín máàkì ìrírí. Bí ti ẹnì kan bá pé ẹgbẹ̀rún, jagunjagun rẹ̀ á gòkè ìpele kan, á sì lágbára sí i. Àmọ́ máàkì kankan kò dúró àfi tí gbogbo wa bá fọwọ́ sí i nínú nótúbúùkù, láti ọjọ́ tí ẹnì kan ti fi rọ́bà pa tiẹ̀ rẹ́ tó sì kọ òmíràn síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ta ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, onígbàjámọ̀ ní kí kálukú sọ ibi tí jagunjagun òun ti wá. Ó ní ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́ yóò gba ọ̀ọ́dúnrún. Mo ní ọmọ ọba olórí mẹ́ta ni tèmi, pé òkè méje ló wó lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ọmọ alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga. Ogún máàkì ni wọ́n fún mi.

Ló bá kan Sìmẹ́ǹtì, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà láti ìgbà tí a ò tíì mọ imú fọn. Ó ní nígbà tí bàbá jagunjagun òun sá kúrò nílé, ó gbàgbé bàtà gidi kan ṣoṣo tó ní. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun obìnrin fi pọ́líìṣì dán bàtà náà, ó gbé e lọ sí ibùdókọ̀, ó dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó padà délé, ó parọ́ fún ìyá wọn pé bàbá ti gbà á, pé ó ní òun ń bọ̀. Ó wá gbé bàtà pamọ́ sínú àpótí, ó sì ń dán an ní gbogbo Sátidé tí ìyá bá ti jáde. Nínú eré àwọn jagunjagun tó ń gun ẹṣin, Sìmẹ́ǹtì kò tilẹ̀ ronú àtiyí ibùdókọ̀ yẹn padà sí nǹkan mìíràn. Ọ̀lẹ.

Onígbàjámọ̀ kọ ọ̀ọ́dúnrún síwájú orúkọ rẹ̀. Ọmọ alágbàfọ̀ fi apá aṣọ nu ojú. Gbogbo wọn ti fọwọ́ sí i kí onígbàjámọ̀ tó ti nótúbúùkù sí mi, ó ní, "Àbúrò, ìwọ nìkan ló kù." Mo fọwọ́ sí i. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á bi mí nídìí.

Mo dì í mú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Ṣebí o búra fún mi." Ó ní òun ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó tún wò mí bíi pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, ó ní, "O ti ní ìtàn yìí lọ́wọ́ tipẹ́, o ò lò ó. Olórí mẹ́ta lo lọ ń sọ." Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní ó gbá mi létí ni, ìyẹn ì bá dára.

Ẹ ti ń bi ara yín bó ṣe gbọ́. Èmi ni. Ẹ ní àwa méjì péré ni kó mọ̀ ọ́n, àmọ́ lọ́jọ́ tí bàbá Sìmẹ́ǹtì náà kó ẹrù lọ, mo bá a lórí àtẹ̀gùn ilé wọn, kò lè sọ̀rọ̀, mo sì sọ tiwa fún un kó má bàa rò pé òun nìkan ni. Mi ò gba máàkì kankan lé e, àmọ́ èmi ni mo kọ́kọ́ gbé e jáde.

Ní Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo fa bírò gba orí orúkọ mi kọjá nínú nótúbúùkù. Onígbàjámọ̀ ní kí ló dé. Mo ní ìtàn náà ní ẹni tó ni ín. Ó wo èmi, ó wo Sìmẹ́ǹtì, ó sì pa gbogbo máàkì ọjọ́ náà rẹ́, torí òfin wa ni pé bí ìfọwọ́sí ẹnì kan bá yọ, ti gbogbo wa lọ nìyẹn. Ọmọ alágbàfọ̀ pàdánù igba, kò kí mi mọ́. Sìmẹ́ǹtì ti kó lọ sí bẹ́ǹṣì míràn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ síta báyìí. Kí n tó pa orúkọ mi rẹ́, ọmọ alágbàfọ̀ ti sọ ìtàn náà nílé bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, ẹ sì mọ̀ pé Màmá wà lára àwọn tó ń lọ ọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí, kí ẹ má bàa wọlé láìmọ̀. Ẹ forí jì mí.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ fi ọkàn tán ẹni tí yóò tà yín, kó sì ṣọ́ yín títí a ó fi ríra.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn.

Àfikún: Mo fẹ́ lẹ àpòòwé yìí ni Màmá wọlé, ó sì rí orúkọ yín lára rẹ̀. Kò bínú. Ohun kan ṣoṣo ló ní kí n bi yín: ṣé ẹ rí nǹkan jẹ lọ́jọ́ tí ẹ dúró sí ibùdókọ̀ yẹn?