Èsì Tí Kò Ti Ọwọ́ Yín Wá

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọmọ tí kò bá tíì kíni kò tíì jí. Ara ìyá mi ń le díẹ̀díẹ̀. Òtútù ti dé sí Jọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti gbé kóòtù yín wọ̀, èyí tí ẹ máa ń wọ̀ lọ kírun àsùbáà. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Ṣọ́ọ̀bù yín ní Anglo Jos ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, Bọ̀dá Kàmálù, ẹ̀gbọ́n mi, ló ń ṣí i láràárọ̀. Mo máa ń bá wọn gbálẹ̀ níbẹ̀, ìyẹ̀fun pákó á kún imú mi, màá sì máa sín bíi ti kékeré.

Ẹ rántí ìsọmọlórúkọ tí a lọ ní Kuru? Wọ́n ń ṣe àdúà lọ́wọ́, ẹ gbójú sókè, gbogbo wa rò pé àdúà ọ̀hún ló wọ̀ yín lára tó bẹ́ẹ̀. Àṣé igi àjà wọn tó ti ń tẹ̀ lẹ ń wò. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ wá, ẹ ti sọ fún onílé pé òrùlé rẹ̀ kò ní pẹ́ wá kí i nílẹ̀. Ìyá mi kò bá yín sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe nílé gbogbo ayé, òrùlé lẹ máa ń kọ́kọ́ wò kí ẹ tó kí onílé. Nítorí yín ni mo ṣe lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé ní yunifásítì. Mi ò sọ ìyẹn fún yín rí. Kí ló dé tí mi ò sọ ọ́?

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwa mẹ́rin ni wọ́n mú láti kíláàsì wa lọ sí Ìsítáńbùlù, ní ilẹ̀ Tọ́kì, láti lọ wo àwọn ilé àtijọ́. A débẹ̀ láyọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìlú yẹn tóbi, Bàbá. Mọ́ṣáláṣí wà lórí òkè, omi òkun wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń kó èrò lọ kó èrò bọ̀ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń kó wa lọ sí ọjà Tẹ́mínọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ náà gan-an lẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ẹ kọ́kọ́ húkọ́ bí ìṣe yín. Ẹ kí mi, ẹ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kí ẹni tó wa bàálù wa, kí ẹ tó wá béèrè ohun tó gbé òrùlé mọ́ṣáláṣí ńlá yẹn dúró tí kò fi wó, nígbà tí kò ní igi. Ẹ kì í tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ ní ìka yín tóbi ju lẹ́tà wọn lọ.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè mo lọ síbẹ̀ nítorí ìbéèrè yín. Mo ya àwòrán, mo fi ránṣẹ́. Ẹ ò fèsì títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní bóyá wọn ò mú iná wá ni, fóònù yín ti kú. Ní báyìí tí mo ti mọ̀ pé ẹ ò rí àwòrán yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Òpó ńlá mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀. Òrùlé náà rí rìbìtì, ó sì ń fẹ́ ti ara rẹ̀ síta, àwọn òrùlé kéékèèké tó yí i ká ló ń tì í padà. Títì tí wọ́n ń ti ara wọn náà ló gbé e dúró. Inú yín ì bá dùn. Ẹ̀ bá ní kí n fi pẹ́ńsù yà á sára pákó kí ẹ lè rí i dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé, mo sì ti ń yí i po láti òkè.

Ní ọdún àkọ́kọ́ wa ní yunifásítì, àwa ọ̀rẹ́ jókòó, kálukú ń sọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Dókítà ni ti ẹnì kan. Ọ̀gá àgbà ní iléeṣẹ́ ìjọba ni ti Nanret, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Du. Nígbà tó kàn mí, mo ní kontirakítọ̀ ni yín. Mo sọ fún ara mi pé kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣebí àwọn èèyàn ń gbé iṣẹ́ òrùlé fún yín. Irọ́ ni, Bàbá. Ojú ló tì mí láti sọ pé kafíńtà ni yín. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi tọ́jú irọ́ yẹn, tí mi ò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi kankan mọ ọ̀nà ilé wa.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí à ń lọ, ẹ ní dandan ni kí ẹ sìn mí dé gáréèjì. Ẹ wẹ̀, ẹ wọ aṣọ ọdún yín funfun, ẹ dé fìlà Ìlọrin yín. Nanret sáré wá, ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ bí ọmọ Yorùbá.

“Sannu Baba, kontirakítọ̀ wa! Ilé wo lẹ̀ ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí?”

Ẹ wo ojú mi. Kò pẹ́, ẹ kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì dá a lóhùn pé, “Muna nan, a wà, ọmọ mi, à ń kọ́ wọn lọ díẹ̀díẹ̀.” Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọwọ́ yín méjèèjì bọ àpò. Mo rí i, Bàbá. Ẹ fi ọwọ́ yẹn pamọ́, pẹ̀lú èékánná tí òòlù ti fọ́ dúdú àti àtẹ́lẹwọ́ tó le bíi pákó, kí ó má bàa dójú tì mí. Nígbà tí ọkọ̀ wa gbéra, ẹ ò juwọ́ sí mi. Orí lẹ mì sí mi. Mo sunkún títí a fi dé Àbújá, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀rù bàálù ló ń bà mí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè a wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí òdìkejì ìlú. Mo lọ dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí ariwo ẹ́ńjìnnì kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ mi. Mo gba ohùn mi sílẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo bẹ̀ yín, mo fi ránṣẹ́. Kò pé wákàtí kan tí èsì dé: “Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Kò sí nǹkan kan nínú ọkàn mi. Jẹun dáadáa.”

Títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo rí i pé títẹ̀ ni. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Inú mi dùn! Mo ń yangàn fún Nanret pé bàbá mi ti mọ fóònù tẹ̀. Mo jẹun lọ́jọ́ náà bí ẹni tó jáwèé olúborí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rìn nínú ìlú yẹn pẹ̀lú ara fífúyẹ́, mò ń fi ọmọ kafíńtà pe ara mi nínú ọkàn, mò ń wá ẹ̀bùn fún yín.

Bọ̀dá Kàmálù ló wá gbé mi ní gáréèjì nígbà tí a dé. Wọ́n gba àpò mi, wọ́n sì ń yára rìn níwájú mi. Nígbà tí mo rí ẹní tí wọ́n tẹ́ síwájú ilé wa, tí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, jókòó sí àárín, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn. Sọ́ńdè lẹ kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní. Ẹ ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n sì ti sin yín kí wọ́n tó kírun Màgàríbì. Bàbá Àgbà ló pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi, pé a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lájò. Hàbá! Wọn ò fẹ́ kí n dákú nílẹ̀ àjèjì, ó yé mi. Ṣùgbọ́n nítorí ìyẹn ni mo fi ń rẹ́rìn-ín níwájú kámẹ́rà nígbà tí yẹ̀pẹ̀ ti bò yín.

Mo ka ọjọ́ lórí ìka mi. Mọ́ńdè ni èsì yẹn dé, Sọ́ńdè lẹ sì ti kú. Mo lọ bá Bọ̀dá Kàmálù, ẹkún sì bo ojú wọn kí n tó la ẹnu. Ọ̀dọ̀ wọn ni fóònù yín wà. Àwọn nìkan ló gbọ́ ohùn mi, lẹ́yìn ilé, níbi tí igi pákó yín wà. “Ò ń sunkún,” wọ́n ní, “mi ò lè dákẹ́. Ohun tí Bàbá ì bá sọ ni mo sọ.”

Nanret àti àwọn yòókù wá kí wa lọ́jọ́ kejì. Mo mú wọn wọ ṣọ́ọ̀bù, mo sì sọ fún wọn pé kafíńtà ni bàbá mi. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohun tí mo ń sá fún lọ́dún mẹ́ta nìyẹn.

Mi ò bínú sí Bọ̀dá mọ́. Àmọ́ mo ṣì ń ka èsì yẹn lójoojúmọ́, mo sì ń wá ohùn yín nínú rẹ̀. Bàbá, ẹ ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Orí tí ẹ mì sí mi ní gáréèjì ni mo rí gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ yín, mi ò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ta ló wá forí jì mí?

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín,
Ọmọ kafíńtà.