Agolo Tí Mo Tọ́jú Fún Ọ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nígbà yẹn ti sinmi? Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Iná ayé kò ní jó ọ, iná ilé ìdáná náà kò ní jó ọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ti ilé ìdáná kún un ni, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀. Bí obìnrin kan bá pè ọ́ tó ní láti ilé ẹ̀kọ́ ìyá rẹ ni òun ti ń pè, tó ní adìẹ bú gbàmù, má sunkún. Mo wà láàyè. Irun ìpéǹpéjú mi ọ̀tún nìkan ni kò sí mọ́. Ǹ bá ti pè ọ́ fúnra mi, ṣùgbọ́n obìnrin inú fóònù mi ní n kò lówó. Ta ló sọ fún un?

Ilé wà bó ṣe wà. Ewúrẹ́ ti bí méjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin ṣì ń bínú, kò sì tíì sọ ohun tó bí i. Láti ìgbà tí o ti lọ ni ilé ti tóbi jù fún mi, òun ni mo ṣe lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé tó wà nítòsí wa ní bí mo bá gba ìwé ẹ̀rí, èmi ni yóò máa se oúnjẹ ọ̀sán wọn. Níbi ìkọ́ṣẹ́ oúnjẹ náà, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, ó bèèrè ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Inú mi dùn, mo ní àwọn wọ̀nyí mọ ìwà hù, wọ́n fẹ́ kí ẹnìkan bá mi yọ̀. Mo kọ nọ́ńbà rẹ síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọwọ́. Ọmọdé ni gbogbo àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ sí mi, wọ́n sì mọ ara wọn. Wọ́n á kí mi ẹ káàárọ̀ mà, ó parí nìyẹn títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. N kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú mi kì í sùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, olùkọ́ wa ní odindi adìẹ ni a ó yan, ní ìdúró ṣánṣán. Mo rò pé àwàdà ni. Ọmọ mi, ó gbé adìẹ tí kò lórí, ó fi ìdí rẹ̀ lé agolo ohun mímu, ó ká apá rẹ̀ sẹ́yìn, adìẹ náà sì jókòó bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin nígbà tó bá ń retí oúnjẹ. Orúnkún mi ti fẹ́ kanlẹ̀ láti kí i kí n tó rántí pé kò ní orí. Olùkọ́ ní bó bá jókòó báyìí, iná yóò yí i ká, gbogbo awọ rẹ̀ yóò pọ́n. Nígbà tó yá, ó mú ohun tí dókítà fi ń wo ibà, ó fi gún un nítan. Òkú tó ti wà nínú iná, a tún ń wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná! Inú mi ni mo ti sọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Kí olùkọ́ tó gbé adìẹ tirẹ̀ jókòó, ó ṣí agolo náà, ó mu ún dé ìdajì. Mo rí i kedere. Mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo sì gbójú kúrò kí n má baà dójú tì í. Nígbà tó kàn mí, agolo tí wọ́n fún mi ni pupa yẹn, èyí tí o máa ń mu tán tí wàá tún gbé e dorí kodò nígbà tí o wà ní kékeré. Mo ní kí ni òkú adìẹ fẹ́ fi ohun mímu ṣe? Ìjókòó ló ń wá, ó ti rí i. N kò ṣí i. Mo fẹ́ jẹ́ kó jókòó lé e tán, kí n fọ̀ ọ́, kí n gbé e pamọ́ dè ọ́.

Mo tẹjú mọ́ gíláàsì ààrò. Wọ́n tan iná kékeré sínú rẹ̀, mo rò pé kí ẹ̀rù má baà ba adìẹ ni. Àfi gbàù! Ìlẹ̀kùn ààrò ṣí fúnra rẹ̀, adìẹ mi fò jáde, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí aránṣọ kan, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi tó ń bá mi pín tábìlì, kọjá, ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì ń yọ́ bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Adìẹ tó wà láàyè kò fò tó bẹ́ẹ̀ rí nínú àgbàlá wa. Ọ̀rá inú ààrò gbaná. Ohun funfun kan tó wà lókè àjà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń fi mí sùn fún gbogbo ilé láìjẹ́ pé ẹnìkan bi í. Àwọn ọmọ sá jáde. Aránṣọ gbé garawa omi.

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti là. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó gbé e sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn, nígbà tí ọ̀rá olùkọ́ gbaná díẹ̀, mo rí i pé kò wá omi rárá. Ó yí bọ́tìnì pa, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ iná bí ẹni mú olè, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí mọ́tò. Ohun tí mo ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Irun ojú mi bá a lọ. Iná náà bínú díẹ̀, ó sì kú.

Olùkọ́ di orí mú. Ó ní òun kò rí ẹni tó dáná sun ilé ìdáná rí tó tún jẹ́ pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Ó ní kí ló dé tí n kò ṣí agolo. Mo ní n kò mọ̀ pé òùngbẹ rẹ̀ wà lára ẹ̀kọ́. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ oúnjẹ náà wá ní kí n lọ jókòó sílé ná, òun yóò kọ́kọ́ bá ẹni tó wà nínú fọ́ọ̀mù mi sọ̀rọ̀, kí òun mọ̀ bóyá orí mi pé, kí òun tó sọ bóyá kí n padà wá.

Aránṣọ nu ojú mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pè mí ní Ìyá Alágolo, ó sì sìn mí dé ibùdókọ̀. Ó ní bí wọ́n bá lé mi, ta ni yóò máa pariwo mọ́ òun? Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnìkan bá mi rìn nìyẹn. Ọmọ mi, mo fẹ́ padà síbẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀gá bá pè, jọ̀ọ́ gbé e. Sọ fún un pé orí ìyá rẹ pé, ó kàn ṣe ahun díẹ̀ nítorí ọmọ ni. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kí n ra adìẹ mìíràn mú lọ, kí o sì bá mi fún obìnrin inú fóònù yẹn ní tirẹ̀ kó lè dákẹ́. Níbi tí ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ti ń yẹ̀, wàá jókòó gbọn-in, kì í ṣe irú ìjókòó adìẹ o. Olúwa á gbọ́.

Bí o bá ń bọ̀ nílé, ra ohun mímu rẹ dání. Èyí tí mo tọ́jú fún ọ wà lára ògiri.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.