Ọmọlangidi Ara Ilé Petrit

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Gíríìsì dùn, ọsàn pọ̀. Inú ilé ìkó-ọsàn-sí gan-an ni mo ń sùn, kí n má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Mo gbọ́ pé Petrit àbúrò mi ti so ọmọlangidi mọ́ ilé tó ń kọ́, kí ojú ìlara má baà bà á jẹ́. Ojú ta ló ń sá fún? Ẹ̀yin náà ń yìn ín: kó tó gbéyàwó ló ti ralẹ̀, kó tó bímọ ló ti ń tọ́jú owó ilé-ìwé, owó ọjọ́ ogbó ló kàn báyìí. Ó kúkú káre! Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ǹtì?

Ẹ bá mi kí i. Ẹ sì bá mi so ọmọlangidi kan mọ́ irin ìpìlẹ̀ tèmi tó ń dípẹtà nínú koríko, kí ará àdúgbò lè rò pé nǹkan tí èèyàn lè ṣe ìlara rẹ̀ wà níbẹ̀.

Agron, àkọ́bí yín.