Iná Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú: Ìgbésí Ayé Olóògbé Akínọlá Àkànní Ọláníyan (1953–2025)

A bí Akínọlá Àkànní Ọláníyan ní Jos, ní oṣù kẹta ọdún 1953. Bàbá rẹ̀ gbé aṣọ wá tà láti Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì padà lọ mọ́. Ìyá rẹ̀, Christianah, ló kọ́ ọ ní Yorùbá. Ìgboro ló kọ́ ọ ní Hausa.

Ìwé mẹ́fà ló kà kí bàbá rẹ̀ tó kú. Ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pákó. Ní ọdún 1981 ó fẹ́ Ìbíjọkẹ́, wọ́n sì kọ́lé sí ẹ̀yìn àdúgbò Dogon Dutse ní Jos, lẹ́bàá igbó yukalíptọ́ọ̀sì.

Ní ọdún 1987, iná jó ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́n pa iná náà nírọ̀lẹ́, oníkálukú lọ sílé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó tún ràn láti abẹ́ eérú, ó sì jó ìyókù. Láti ìgbà náà, Bàbá kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ tó bá ní iná ti kú.

Òróró wà nínú ewé yukalíptọ́ọ̀sì. Bí ọyẹ́ bá ti dé, koríko abẹ́ rẹ̀ a gbẹ bí ìwé, ẹyin iná kan ṣoṣo ti tó. Bàbá ló kọ́ àdúgbò láti máa ro àlà: bí òjò bá ti ń lọ sópin, kí gbogbo ilé jáde ro ilẹ̀ tó wà láàárín igbó àti ilé mọ́ fónífóní, kí iná tó bá ń bọ̀ má rí nǹkan jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń jáde. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi àwáwí ránṣẹ́ dípò ọkọ́. Wọ́n wá sọ ọ́ ní Bàbá Wútà, nítorí wútà ni Hausa ń pe iná. Ó jẹ́ díákónì. Ó fẹ́ràn Ọlọ́run, ṣùgbọ́n bó bá dìde nígbà ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tó máa ń sọ fún àwọn tó ní áńgẹ́lì ń ṣọ́ ilé wọn ni pé áńgẹ́lì kò ní ọkọ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó lu ilẹ̀kùn gbogbo ilé. Lááwàlì, aládùúgbò wa, nìkan ló jáde, títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún tí kò lè tẹ̀ mọ́. Inú bí Ìbíjọkẹ́.

“Bàbá Bùkúnmi, ẹ̀ ń ro àlà fún àwọn tí kì í kí yín kú iṣẹ́.”

“Ìyá Bùkúnmi, iná ò ní bèèrè ẹni tó kí mi.”

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025, ẹnìkan sun pápá láti lé òkété jáde. Ẹni náà wà láàárín wa lónìí, ó sì mọ ara rẹ̀. Iná wọ igbó. Gbogbo àdúgbò fi ewé tútù lù ú títí ó fi rọlẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n má tíì lọ, kí wọ́n gbẹ́ gbòǹgbò tó ń rú èéfín, kí wọ́n bu omi sí i. Alága ẹgbẹ́ onílé, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga, nawọ́ sí ilẹ̀ tó ti funfun.

“Haba, Bàbá Wútà. Iná kú, ó feérú bojú. Àbí òwe yẹn ò dé ọ̀dọ̀ yín ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ wẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń dúpẹ́ pé iná kú. Bàbá wà nídìí àlà, ó ń ro ó lóun nìkan. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbá eérú dànù, iná jáde. Ìbíjọkẹ́ rí èéfín láti ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, ó sáré. Kí ó tó dé, èéfín ti pa ọkọ rẹ̀. Ọkọ́ ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá.

Ibi tó ro dé ni iná dúró sí. Ilé Alága wà lẹ́yìn ibẹ̀ gan-an, ọ̀dà ara rẹ̀ kò tilẹ̀ bó. Ilé Lááwàlì, ẹni tó jáde wá ro, wà níbi tí Bàbá kò tíì ro dé. Eérú ló kù níbẹ̀.

Nígbà tí Alága wá kí wa kú ọ̀fọ̀, ó ní kí á tẹ̀ ẹ́ síwájú ìwé ìsìnkú yìí pé bí iná bá kú, a feérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìbíjọkẹ́ wò ó.

“Alága, òwe yẹn lẹ fi pa ọkọ mi. Eérú kì í ṣe aṣọ òkú iná. Aṣọ ìbora rẹ̀ ni. Ó ń sùn lábẹ́ ẹ̀ ni.”

Ìdajì òwe náà ló gbà kí á tẹ̀.

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Bàbá fi aya rẹ̀, Ìbíjọkẹ́, sáyé lọ. Àti àwọn ọmọ rẹ̀, Olúwabùkúnmi, Jemima àti Dávídì. Àti àwọn ọmọ ọmọ, Divine àti Olúwatósìn. Dávídì ti mú ọkọ́ bàbá rẹ̀.

Ẹbí kò gba òdòdó. Ìdajì igbó náà kò tíì jó, ọyẹ́ kò sì tíì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ́ Bàbá sí, kí ó gbé ọkọ́ wá sídìí àlà láàárọ̀ ọ̀la. Alága la kọ́kọ́ ń retí.

Àkànní, sùn re o. O ti ro tìrẹ. Àwa ni oorun kò tíì tọ́ sí.