Bàbá Nathaniel Mojúbàolú Ògúnsànyà (1922–2006) àti Ìbọn Tí Wọ́n Gbé Ti Bọ́mà Bọ̀

Bí ọkùnrin kan bá wà ní gbogbo Ìkòròdú tó lè na ọwọ́ méjèèjì síwájú Olúwa rẹ̀ kó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, Bàbá wa ni. Wọ́n jagun, wọ́n gbé ìbọn ogun wálé, wọ́n sì pa á mọ́ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún láìjẹ́ pé ó ha ẹnikẹ́ni lára. Bàbá fúnra wọn ló máa ń sọ ọ́, wọ́n á sì fọwọ́ lu àyà.

Ejinrin, létí ọ̀sà, ni wọ́n bí wọn sí ní ọdún 1922, ní agboolé Ògúnsànyà alágbẹ̀dẹ. Ìyá wọn, Rọ̀kíbátù, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló máa ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹja yíyan wá sí ọjà Ejinrin. Ibẹ̀ ni òun àti alágbẹ̀dẹ ti pàdé. Bàbá kàwé dé ìwé kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, kí bàbá wọn tó kú, tí ìwé kíkà náà sì bá a lọ.

Ní 1943, wọ́n wọ iṣẹ́ ológun. Àwọn àti Láwàl, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Bọ́mà. Ìbọn Stẹ́ẹ̀nì ni wọ́n fún Bàbá, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ilé ọta rẹ̀ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, tó sì ń da ọta bí ẹni ń da àgbàdo. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé ní 1946, Bàbá tú u palẹ̀, wọ́n fi aṣọ wé e sísàlẹ̀ àpótí. Òyìnbó tó ń yẹ ẹrù wò rí Bíbélì lókè, ó ní kí wọ́n máa kọjá.

Wọ́n gbé Àràmídé, ọmọ Olúsànyà, níyàwó ní 1950. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn apẹja ni wọ́n ń tún ṣe ní Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn Gáráàjì Ìkòròdú. Nínú ìjọ, wọn kì í pẹ́ dé ìsìn, wọn kì í sì í sùn nídìí ìwàásù, àfi èyí tó bá dá lórí ìdáwó.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ìlú kò kéré. Nígbà tí ìjọba kò rán afunfèrè síbi òkú àwọn ológun àtijọ́ mọ́, Bàbá ní ojúgbà àwọn kankan kò ní wọlẹ̀ bí adìyẹ. Ìbọn náà ni wọ́n ń gbé lọ, tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run lẹ́bàá sàréè, ìbáà ṣe ti Mùsùlùmí tàbí ti Kìrìsìtẹ́nì. Sójà kan nínú ìjọ ló ń bá wọn wá ọta. Lọ́dọọdún, wọ́n á tú u, wọ́n á fi epo nù ún bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Wọ́n ní ìbọn tó ń sin òkú ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pa alààyè.

Ní 2003, ẹsẹ̀ ti ń dá Bàbá jókòó. Toheeb, ọmọ Láwàl, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gáráàjì, wọlé tẹkúntẹkún: bàbá òun kú lẹ́yìn ìrun àárọ̀, wọ́n á sì sin ín ní Ẹ̀pẹ́ kí ìrun Aásàrì tó tó. Òkú Mùsùlùmí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. A kì í sì í ní kí ọlọ́fọ̀ mú ẹ̀rí wá. Bàbá gbé ìbọn fún un tòun tọta kó lọ yìn ín lẹ́bàá sàréè, wọ́n sunkún ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n sì ní kí ìjọ bá wọn gbàdúrà lọ́jọ́ Ìsinmi.

Kò pẹ́ ni Bàbá Láwàl fúnra wọn kanlẹ̀kùn, ẹja òbòkún lọ́wọ́. Màmá wa, Àràmídé, gba ẹ̀yìnkùlé sá jáde. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún òkú, ó wá ìjókòó, ó ní, "Nathaniel, kí ni wọ́n ní ó pa mí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn awakọ̀ ti pín sí méjì lórí ẹni tí yóò jọba ní Gáráàjì nígbà náà. Bàbá fi ọ̀pá tilẹ̀ débẹ̀. Toheeb ti sá, ìbọn ti dọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Bàbá kọjá sí àgọ́ ọlọ́pàá kan lọ fẹjọ́ sùn. Ọlọ́pàá ibẹ̀ fún wọn lómi tútù, ó ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi. Ìbọn tó dàgbà jù mí lọ, kí ló tún fẹ́ ṣe?"

Bàbá ní, "Èmi náà dàgbà jù ọ́ lọ, ọmọ mi, mo sì fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Ọlọ́pàá náà bá wọn pe ọ̀kadà tó gbé wọn délé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta ọdún 2004, ìbọn ró ní Gáráàjì. Bàbá, tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbórí sókè. Wọ́n mọ ohùn rẹ̀. Wọ́n sọ fún ìyàwó wọn pé, "Tiwa nìyẹn." Màmá ní ńṣe ló dà bí ẹni pé inú wọn fẹ́ dùn pé irin náà kò há. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá túfọ̀: Jọláolúwa, àkọ́bí wọn, tó ń lẹ táyà létí Gáráàjì, ni ọta bá. Kì í ṣe awakọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹgbẹ́. Táyà ọ̀kadà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń lọ sí Gáráàjì láràárọ̀, tí wọ́n ń bẹ àwọn ọ̀gá awakọ̀ pé kí wọ́n dá ìbọn padà. Ẹni tó kéré sí ọmọ ọmọ wọn ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún. Bàbá Láwàl ń ti Ẹ̀pẹ́ wá bá wọn bẹ̀bẹ̀, títí wọ́n fi kú ní tòótọ́ ní 2005. Kò sí ẹni tó yìnbọn níbi òkú wọn. Ìbọn kò padà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2006, Bàbá sùn, wọn kò jí. Wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yìnbọn níbi òkú àwọn.

Wọ́n fi Màmá Àràmídé sáyé, àti Benjamin, àti Comfort, ìyàwó Fáṣínà, àti Hàbíbàt, opó Jọláolúwa, pẹ̀lú ọmọ ọmọ púpọ̀, tí mẹ́ta nínú wọn kò ní bàbá.

Bàbá, kí ilẹ̀ tù yín lára ju ayé lọ. Ẹ sùn re o.

Ẹ̀yin àlejò wa tó ń padà sí Ẹ̀pẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọkọ̀ ní Gáráàjì. Wọ́n ti ń yìnbọn níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.