Ọ̀gbẹ́ni Noripuláì àti Àpótí Tó Kún

Ọmọbìnrin mi, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀, mo sì kí ọ kú ọ̀sán mọ́ ọn, torí mi ò mọ ìgbà tí awakọ̀ tó fẹ́ bá mi mú ìwé yìí wá máa dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Òrùlé tó ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ lọ́jọ́sí ńkọ́, ṣé wọ́n ti bá ọ dí i? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ ní gbogbo títì tí o ń sọdá kò ní gbàgbé rẹ lọ́jọ́ kan. Àwa níbí wà dáadáa, àfi orúnkún bàbá rẹ tó ń dùn ún, síbẹ̀ kò gbà láti fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀. Ó ti bá mi tún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣe, ó ti ń tì dáadáa báyìí, ṣíṣí ló kù tí kò tíì ṣe.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni ọ̀rọ̀ àpótí ímeèlì mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo ka lẹ́tà tó wọlé fún ọ lórí fóònù, o ní ó túmọ̀ sí pé àpótí ti kún, pé kí n máa san owó oṣooṣù kí wọ́n lè fẹ̀ ẹ́ fún mi, tàbí kí n pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tí oṣù yìí bá parí ìwé kankan ò ní lè wọlé mọ́. O ní tí mo bá fẹ́, ìwọ á máa bá mi san án. O sọ ọ́ kíákíá, o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, o sì pa fóònù. Ọmọ mi, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ ò ti dáa. Ọdún mọ́kànlá lo fi ń kọ̀wé sí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó kàn dá lójijì. Mo wá ń bi ara mi pé kí ni mo fẹ́ máa sanwó àpótí fún, tí ọmọ mi ò bá kọ̀wé sínú rẹ̀ mọ́? Ṣùgbọ́n àwọn èyí tí o ti kọ wà níbẹ̀, mi ò sì ní pa ẹyọ kan rẹ́. Mo ti pinnu pé mi ò ní sanwó títí màá fi mọ ohun tí mò ń sanwó lé lórí.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Ìyá Fọ́tòkọ́pì, obìnrin tó ń tẹ ìwé níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣí ímeèlì. Ó ní gíìgì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àpótí tèmi gbà, pé tí mo bá sanwó, wọ́n á fún mi ní ọgọ́rùn-ún. Jígí ni mo gbọ́. Mo ní kí ni aránṣọ kan fẹ́ fi ọgọ́rùn-ún jígí ṣe, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo ní, ojoojúmọ́ ni àwọn oníbàárà ń dúró síwájú rẹ̀ tí wọ́n ń sọ pé mo rán aṣọ há mọ́ àwọn lára, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ló sanra. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ rẹ̀ mú. Bàbá rẹ ní tiẹ̀ bínú. Ó ní láti ìgbà tóun ti ń kan àpótí, òun ò tíì rí èyí tí wọ́n ń gbowó rẹ̀ lóṣooṣù, pé kí n sọ gígùn àti ìbú rẹ̀ fóun, òun á kan èyí tó tóbi jù ú lọ láàárín ọjọ́ méjì, òun á sì fi àgádágodo sí i. Mo ní inú fóònù ló wà. Ó yẹ fóònù náà wò, ó ní ìyẹn náà ò le, kékeré lòun máa kan án.

Ẹni tó wá ń yọ mí lẹ́nu jù ni Ọ̀gbẹ́ni Noripuláì. Ṣé o mọ̀ ọ́n? Òun ló kọ lẹ́tà owó yìí, kì í sì í ṣe òní ló ti ń kọ̀wé sí mi. Ó ń kọ láti báńkì, ó ń kọ láti ilé iṣẹ́ fóònù, ó ń kọ láti ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà, mi ò mọ bí ẹnì kan ṣe lè níṣẹ́ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń pè mí ní oníbàárà ọ̀wọ́n. Ṣé èèyàn á wá kí mi báyẹn, kí n wá dákẹ́? Ìyá tó bí mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo fèsì. Mo kí i, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo bèèrè iṣẹ́, mo ṣàdúrà fún un, nígbà tó sì kọ̀wé pé àwọn ti gé owó bàtà sí ìlàjì, mo bá a kẹ́dùn pé ọjà ò tà. Mo tún máa ń ya fọ́tò aṣọ tí mo bá rán, màá fi ránṣẹ́ sí i, bóyá ìyàwó rẹ̀ á fẹ́ irú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà, kò dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan rí. Òun náà ló wá ń bèèrè owó yìí. Ẹni tí a ń kí tí kì í dáhùn, òun ni màá máa fún lówó lóṣooṣù? Láéláé.

Ìyá Fọ́tòkọ́pì ní kí n jẹ́ kí òun tẹ ibì kan, pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ̀. O mọ bí mo ṣe máa ń ṣe ègé aṣọ tó bá wà lábẹ́ tábìlì, n kì í gbá a dà nù láì tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ọjọ́ tí mo gbá a láì wò ó ni mo gbá apá aṣọ ìyàwó kan mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa ṣe èyí. Tí mo bá ti rán aṣọ tán lójúmọ́, màá ṣí igba lẹ́tà, ti Noripuláì á jáde, tìrẹ á dúró. Ó ti di ọjọ́ karùn-ún báyìí. Ojú ń ta mí, bàbá rẹ ní kí n sinmi, mo ní ó di ìgbà tí mo bá ṣe é tán. Jẹ́ kí n dá bírò dúró ná, oníbàárà kan dé.

Ọmọ mi, ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá kí n tó padà sídìí ìwé yìí. Mi ò ya ti òkè yẹn, kí o lè rí irú ẹni tí ìyá rẹ jẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo bá lẹ́tà kan láàárín méjì ti Noripuláì, ọ̀kan lórí bàtà, ọ̀kan lórí báńkì. Mi ò mọ àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Mi ò ṣí i rí, ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ tó wọlé. Ìyá Fọ́tòkọ́pì ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tí mi ò bá mọ̀ tó bá ń bèèrè ìrànlọ́wọ́, gbájú-ẹ̀ ni, kí n má fọwọ́ kàn án. Mo wò ó lọ́jọ́ náà, mo pòṣé, mo sì lọ fèsì fún Noripuláì. Lọ́tẹ̀ yìí, torí mo ti sọ pé mi ò ní da ègé kankan nù láì tú u wò, mo ṣí i.

Orúkọ rẹ ni mo bá nísàlẹ̀. O ní ilé iṣẹ́ yín ti kógbá sílé, àdírẹ́sì tí o fi ń kọ̀wé sí mi sì ti bá a lọ. O ní o rántí pé nígbà tí o kọ̀ láti kọ́ iṣẹ́ mi, mo ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan máṣìnnì mi méjèèjì mọ́ láyé. O wá kọ ọ́ pé, "Màmá, ṣé àyè ṣì wà fún mi nídìí máṣìnnì kejì?" Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn nìyẹn.

Mo jókòó lé aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán. Ìgbà yẹn ló tó yé mi, ọjọ́ tí o bi mí lórí fóònù pé ṣé mo rí ìwé tí o kọ, tí mo dá ọ lóhùn pé mo rí i, gbogbo ìwé rẹ ni mo ń rí. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ni mo ń sọ. O pa fóònù, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Èmi tí mò ń kí oníbàtà tí mi ò mọ̀ rí, tí mò ń ṣàdúrà fún ìyàwó rẹ̀, ọmọ tí mo bí kọ̀wé sí mi, mi ò dáhùn. Mo sunkún, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ìyá Fọ́tòkọ́pì sáré wá, ó ka ìwé náà, nígbà tí mo sì ń ṣépè fún Noripuláì, ó rọra sọ fún mi pé kì í ṣe orúkọ èèyàn, pé ohun tó túmọ̀ sí ni ẹni tí kì í fèsì. Mo ní kò burú, mo ti mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ àpótí ti parí. A ò ní sanwó. Nígbà tí mo da àwọn fọ́tò aṣọ tí mo fi ránṣẹ́ yẹn nù, àpótí fúyẹ́, ó ju ìlàjì lọ tó ṣófo, gbogbo lẹ́tà rẹ sì wà níbẹ̀. Tó bá tún kún lọ́jọ́ iwájú, kó kún, ẹni tó bá wà nídìí máṣìnnì kejì ò nílò láti kọ̀wé sí mi. Bàbá rẹ ti to ẹsẹ̀ máṣìnnì náà, mo ti da òróró sí i, mo sì ti kó àwọn páálí orí rẹ̀ kúrò.

Owó tí o ní o máa bá mi san yẹn, ibo lo ti fẹ́ rí i, ìwọ tíṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ? Òun gan-an ni mò ń bèèrè báyìí, ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́. Fi wọ mọ́tò. Tó bá ṣẹ́kù, bá mi ra òwú dúdú mẹ́fà bọ̀, àwọn ti ibí ń já. Tí kò bá tó, wọ ọkọ̀ awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá, mo ti bá a sọ ọ́, èmi ni màá san án tó bá gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣì ń tì láì ṣí, torí náà mo ti ní kí bàbá rẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá títí wàá fi dé.

Kí Ọlọ́run mú ẹsẹ̀ rẹ bọ̀ layọ̀, kí ojú ọ̀nà rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí ọwọ́ rẹ rí iṣẹ́ rere ṣe, kí ọmọ tí ìwọ náà bá bí má pariwo títí kí o tó gbọ́. Mo mọ̀ pé èsì yìí pẹ́, má bínú sí mi. Àyè wà.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ.